Ẹ má tíì ra tọ́bò mìíràn

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀gá Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tí ó mú mi kọ ti ìsinsìnyí ni lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, tí ẹni tí ó kọ ọ́ fi kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n jìnnà sí ọkọ̀ kékeré tí ó ń lo dísù tí ó sì ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó ní tọ́bò mẹ́ta ni òun rà láàárín ọdún kan kí òun tó ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀, àti pé ó dá òun lójú pé tọ́bò kò lè fara da ooru ilẹ̀ wa. N kò bá a jà, nítorí pé ẹni tí ìyà jẹ ni ó ń sọ̀rọ̀, ìyà kan náà sì ti jẹ èmi náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ka lẹ́tà náà tán ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ó pa tọ́bò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yẹn títí di ọjọ́ tí ó tà á, àti pé ẹni tí ó rà á ti ra ìyọnu mọ́ ọn. Nítorí ẹni yẹn, àti nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá, ni mo ṣe ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀.

Búrẹ́dì ni iṣẹ́ mi ní Iléṣà níhìn-ín. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni búrẹ́dì ti máa ń jáde nínú ààrò, kí ó sì tó di aago mẹ́fà, ó yẹ kí ọkọ̀ ti gbéra: ọjọ́ kan á gba Ìbòdì lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ọjọ́ kejì á gba Ìwàrájà lọ sí Ẹ̀rìn àti Ìpetu. Oníbàárà tí kò bá rí búrẹ́dì mi títí di aago méje á ra ti ẹlòmíràn, kì í sì í rọrùn láti gbà á padà. Ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí owó bẹntiróòlù fò sókè ní ọdún 2023, mo jókòó ṣírò, mo rí i pé ilé epo ni mo ń bá ṣe búrẹ́dì. Báyìí ni mo ṣe ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, tòkúnbọ̀, tí ń lo dísù. Kì í ṣe pé owó dísù fúnra rẹ̀ kéré sí ti bẹntiróòlù o. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń mu ún ni ó dùn mọ́ mi, nítorí pé kì í mu ju nǹkan bíi lítà mẹ́fà lọ ní 100 kìlómítà, tòun ti ẹrù lẹ́yìn.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì náà gan-an wà nínú ọkọ̀ oríṣiríṣi tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra, àti nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo àwọn tí ó jọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni, sílíńdà mẹ́rin ni ó ní, fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, jẹ́ 16. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 110 nígbà tí ó bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ni ó yẹ kí ẹlẹ́rù máa wò. Èyí tí ó yẹ kí a wò ni agbára tí ó fi ń fa ẹrù, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi Newton-metre wọ̀n: 240 ni, ó sì ti pé pérépéré nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí ju ìgbà 1,750 lọ ní ìṣẹ́jú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níbi tí ọkọ̀ bẹntiróòlù mi àtijọ́ ti máa ń ké tantan kí ó tó gun òkè ọ̀nà Ẹ̀rìn, èyí á kàn máa gùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni.

Ará Jámánì tí ń jẹ́ Rudolf Diesel ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní àṣeyọrí, ní ọdún 1897, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe epo náà títí di òní. Kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà wọlé, yóò sì fún un mọ́ ara wọn títí ohun tí ó gba àyè méjìdínlógún yóò fi gba àyè kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún báyẹn á gbóná kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí nọ́sù (injector), ìyẹn ẹnu kékeré tí dísù ń gbà wọ sílíńdà, bá sì ti tu dísù sí i, ó ti gbiná nìyẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, agbára tí ń ti dísù lọ sí ẹnu nọ́sù lè tó 1,600 bar. Kí ẹ lè mọ bí ó ti pọ̀ tó, afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ kékeré kò ju bar méjì àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìka wá ibi tí páìpù dísù ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé dísù yẹn á gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́, yóò sì ba ẹran ara jẹ́ nínú kí ojú tó rí i.

Ní ti tọ́bò, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1905. Èéfín gbígbóná tí à bá dà nù sí sàlẹ́ńsà ni a fi ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan; ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ òmíràn ní òdì kejì, òmíràn yìí ni ó sì ń fi tipátipá kó afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá náà kò nípọn ju bírò ìkọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n ó lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú irú tọ́bò tí ó wà lára ọkọ̀ wa, orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ti ń léfòó, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń léfòó. Ọ́ìlì yìí ń gba inú páìpù tín-ín-rín kan wá láti ara ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá kọ̀ tí kò dé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, irin á fi ara kan irin, ó sì parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Oṣù kẹjọ tí mo ti ń lo ọkọ̀ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí fèrè nígbàkígbà tí ó bá ń gun òkè. Ọjọ́ kẹta, èéfín aláwọ̀ búlúù bo ọ̀nà Ifẹ̀ lẹ́yìn wa, ọkọ̀ kò sì lágbára mọ́. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà, ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ bẹntiróòlù dáadáa, ṣí i, ó fi ìka mi ọ̀pá tọ́bò náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Mọ́mì, tọ́bò ti lọ.” Mo ra òmíràn. Owó fláwà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo kó lé e. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ìyẹn náà bàjẹ́. Ó ní tọ́bò tí wọ́n tà fún wa ni kò dáa, kí a lọ ra ti ibòmíràn. Mo ti ń kó owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta jọ nígbà tí awakọ̀ kan tí ń na ọ̀nà Àkúrẹ́ ní kí n kọ́kọ́ fa ọkọ̀ náà lọ bá bàbá kan ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ dísù ni ó sì ti ń ṣe láti ìgbà tí ọkọ̀ ńlá ti ń kó kòkó jáde ní agbègbè wa. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo tọ́bò náà. Ó bi mí pé, “Ìyá Oníbúrẹ́dì, nígbà tí wọ́n fi tọ́bò kejì yìí sí i, ṣé wọ́n tú súǹpù?” Mo ní n kò mọ̀. “Ṣé wọ́n pààrọ̀ páìpù tí ń gbé ọ́ìlì wá fún un?” Mo ní rárá. Ó mi orí, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé sípánà wá.

Bóòtù oníhò tí ó mú páìpù ọ́ìlì náà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Asẹ́ wáyà kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Bàbá náà fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ jáde, ó gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ó yẹ kí n lè rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, bí mo ti ń rí i gba inú asẹ́ tí mo fi ń jọ fláwà, ṣùgbọ́n ó dí pátápátá, ó dúdú bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà rẹ́ ẹ. Mo fi èékánná họ ọ́. Ohun tí ó ṣí kúrò lára rẹ̀ le, ó sì ń dán bí èédú. Nígbà tí wọ́n tú súǹpù, ìyẹn abọ́ tí ọ́ìlì ń kó jọ sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a bá ẹrẹ̀ dúdú kan níbẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó jóná, asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì sókè sì ti dí ju ìdajì lọ. Ọ́ìlì tuntun tí wọ́n rọ sí i fún mi, inú ìdọ̀tí yìí ni wọ́n rọ ọ́ sí. Tọ́bò tuntun náà kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ebi ọ́ìlì ni ó pa á.

Ibo ni èédú yẹn ti wá? Bàbá náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì mọ́, ṣùgbọ́n ohun dúdú kan tí ó dà bí ọ̀dà gbígbẹ ti yí ìdí méjì yòókù ká. Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan ni wáṣà bàbà pẹlẹbẹ kan wà, òun ni ó ń dí ẹnu ihò náà kí iná inú sílíńdà má baà rí ọ̀nà gbà jáde. Bí wáṣà yìí bá ti gbó, tàbí tí bóòtù tí ó di nọ́sù mú bá ti dẹ̀, iná á máa jò gba ẹ̀gbẹ́ nọ́sù sókè díẹ̀díẹ̀, á máa yan ọ́ìlì di èédú, èédú náà á sì máa bá ọ́ìlì lọ yíká gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà ti ń ké sí mi tipẹ́ o. Bí a bá ti tan án ní ìdájí, ó máa ń ṣe “fú, fú, fú” níwájú, òórùn èéfín kan sì máa ń gba ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Awakọ̀ mi ní sàlẹ́ńsà ló lù, mo sì gbà á gbọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ohùn yìí lára ọkọ̀ dísù rẹ̀, kí ó wo ìdí nọ́sù lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé owó wáṣà mẹ́rin kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tọ́bò kan.

N kò ní fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Mo ní kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tí mo ń lò fún jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì, SAE 40 tí ó ki, òun ni mo sì ń ní kí wọ́n máa rọ sí ọkọ̀ náà, èrò mi ni pé dísù ni dísù ń jẹ́. Ọ́ìlì yẹn dára fún jẹnẹrétọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò béèrè rẹ̀: 5W-30, tí kò ki tó ìyẹn, ni ìwé rẹ̀ pè, lítà 3.75 péré ni ó sì ń gbà. Ọ́ìlì tí ó bá ki jù kì í tètè dé orí tọ́bò nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní àárọ̀, pàápàá nígbà tí páìpù rẹ̀ bá ti ń dí lọ. Bákan náà, ọ́ìlì tí kò ju lítà mẹ́rin lọ kò lè ru ìdọ̀tí pẹ́. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní 20,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tẹ́jú ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe ọkọ̀ búrẹ́dì tí ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ogójì ilé ìtajà láàárín wákàtí méjì. Bàbá náà ní kí n máa ṣe é ní 8,000, pẹ̀lú asẹ́ ọ́ìlì tuntun ní gbogbo ìgbà, kí n sì rí i pé ẹ́ńjìnnì gbóná kí wọ́n tó jan ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ro dáadáa. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó wù mí kí àwọn mẹkáníìkì wa ka bí bàbá náà ṣe parí iṣẹ́ yìí. Ó yọ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi irin kan tí a ń fi ọwọ́ yí gé ojú ibi tí nọ́sù ń jókòó sí títí tí ó fi mọ́ tí ó sì tẹ́jú, nítorí pé wáṣà tuntun kò lè dí ojú ibi tí èédú bá ṣì wà. Ó fi wáṣà tuntun sí i, ó sì fi bóòtù tuntun dì í, torí ó ní àwọn bóòtù yẹn máa ń fà bí a bá ti lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó fọ súǹpù àti asẹ́ inú rẹ̀. Ó pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì tọ́bò sí tuntun tí kò ní asẹ́ kékeré yẹn mọ́. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fúnra wọn ti yọ asẹ́ náà kúrò nígbà tí wọ́n rí ohun tí ó ń fà. Ó tú íńtákúlà, ìyẹn ohun tí ń tu afẹ́fẹ́ tí ó ti ara tọ́bò wá lára, àti àwọn páìpù afẹ́fẹ́, ó fọ ọ́ìlì tí tọ́bò àtijọ́ ti tu sínú wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni ó tó de tọ́bò mọ́ ọn, ó rọ ọ́ìlì sí i, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìdajì wákàtí, ó tún jan ọ́ìlì náà dànù, ó rọ òmíràn.

Mo rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kí n lọ. Ó tú páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà láti ara tọ́bò, ó fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò omi onílítà kan tí wọ́n ti gé lórí, ó ní kí wọ́n tan ọkọ̀ kí wọ́n má sì tẹ tọ́tù rárá. Ó tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gééré, ó ní kí wọ́n pa á. Ọ́ìlì inú ìgò náà súnmọ́ ìdajì. Ó ní bí ó bá dín sí 0.3 lítà ní ìṣẹ́jú kan, kí mẹkáníìkì mọ̀ pé ibì kan ṣì dí, kí ó má sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà kúrò níwájú òun. Ìgò kan àti aago kan ni ìdánwò yìí gbà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí tọ́bò wọn bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì sí ẹnì kan tí ó sọ pé wọ́n ṣe é fún òun.

Nípa íńtákúlà tí ó fọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Nígbà tí tọ́bò bá ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń da ọ́ìlì sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì dísù lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ́ìlì ara rẹ̀, yóò sì máa sáré lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ tọ́tù, èéfín á bo gbogbo àdúgbò. Bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjíà ọwọ́, kí awakọ̀ tẹ bíréékì mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ó fi í sí jíà tí ó ga jù, kí ó sì tú kúrọ́ọ̀ṣì (clutch) sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè há kú. Bí iná tàbí ariwo bá ti pọ̀ jù, kí gbogbo èèyàn sá jìnnà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ náà, nítorí ó lè fa ọwọ́ wọlé.

Àwọn àrùn yòókù kò le tó èyí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Èéfín dúdú sábà máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ kò tó: bóyá eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ afẹ́fẹ́, bóyá páìpù rọ́bà tí ó ti íńtákúlà wá ti ya, bóyá fáàfù EGR tí ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì ti há sí ṣíṣí. Ní àkókò ọyẹ́, èmi kì í jẹ́ kí asẹ́ afẹ́fẹ́ tó oṣù méjì kí n tó ní kí wọ́n yọ ọ́ wò. Dísù tí omi wà nínú rẹ̀ máa ń pa pọ́ǹpù àti nọ́sù, torí pé dísù fúnra rẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n ní; ìdí nìyẹn tí mo fi ń jan omi kúrò ní ìsàlẹ̀ asẹ́ dísù lóṣooṣù, tí n kì í sì í ra dísù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Wọ́n ń fi kẹrosíìnì lú òmíràn, kẹrosíìnì kò sì ní yíyọ̀ tí yóò dáàbò bo irin pọ́ǹpù.

Ọ̀kan wà tí n kò gbọdọ̀ sáré kọjá lórí rẹ̀: bẹ́líìtì táímíìnì (timing belt). Lára ẹ́ńjìnnì yìí, òun ni ó ń yí kámù, ìyẹn ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù, òun ni ó ń yí pọ́ǹpù dísù, òun náà ni ó ń yí pọ́ǹpù omi. Bí ó bá já lórí eré, pístìnnì á pàdé fáàfù, a sì lè máa wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Rọ́bà ni, ọjọ́ orí ń pa á bí ìrìn àjò ṣe ń pa á, nítorí náà ẹni tí ó bá ra tòkúnbọ̀ tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ gba mítà ọkọ̀ gbọ́. Kí ó pààrọ̀ bẹ́líìtì náà àti pọ́ǹpù omi pa pọ̀ kí ó tó fi ọkọ̀ ṣe ohunkóhun. Bí ọkọ̀ náà bá sì ní asẹ́ èéfín nínú sàlẹ́ńsà, kí ó mọ̀ pé ìrìn kúkúrú kúkúrú nínú ìlú á dí i. Ooru tí ó tó ìwọ̀n 550 sí 600 ni ó fi ń jó èédú inú ara rẹ̀ dànù, ọkọ̀ tí kò kúrò láàárín ọjà Atákúnmọ́sà kì í sì í gbóná débẹ̀. Bí ó bá gbìyànjú títí tí kò lè jó o tán, dísù díẹ̀ á máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Géèjì ọ́ìlì tí ń ga sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì kún un kì í ṣe ohun ayọ̀.

Ní ti bí a ṣe ń wa ọkọ̀ náà, ohun méjì péré ni mo fi kọ́ awakọ̀ mi. Bí ó bá tan án ní ìdájí, kí ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó fún un ní iná. Bí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, tí èéfín tí ń yí tọ́bò ti gbóná kọjá ìwọ̀n 600, kí ó má ṣe pa á lójú ẹsẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó máa rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì lè tu irin náà lára, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì ti dúró, èyí tí ó bá sì wà nínú tọ́bò á yan mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀gá Olóòtú, mo fẹ́ kí ẹ bá mi bẹ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ní Iléṣà àti ní Ilé-Ifẹ̀ pé kí wọ́n dá owó jọ ra irin tí a fi ń gé ojú ìdí nọ́sù yẹn, ó kéré tán ọ̀kan fún gbogbo ẹni tí ó wà ní ọgbà mẹkáníìkì kan, kí wọ́n sì máa yá ara wọn. Ẹ bá mi bẹ àwọn tí ń ta tọ́bò pẹ̀lú: bí ẹnì kan bá wá ra tọ́bò lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n bi í bóyá ó ti ra páìpù ọ́ìlì rẹ̀ àti wáṣà nọ́sù. Tọ́bò tí bàbá náà fi sí ọkọ̀ mi ti rìn ju 30,000 kìlómítà lọ nínú ooru Iléṣà yìí kan náà, kò sì tíì hu lẹ́ẹ̀kan. Asẹ́ wáyà kékeré yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú ìgò, mo sì ń fi í han ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè.

Ẹni tí ó kọ lẹ́tà tí mo ń dáhùn yìí ni ọ̀rọ̀ mi tí ó gbẹ̀yìn wà fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé bí nọ́ńbà ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó pè é lónìí, kí ó ní kí ó lọ wo ìdí nọ́sù, kí ó sì má tíì ra tọ́bò mìíràn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Oníbúrẹ́dì,
Iléṣà.